Ẹyín Iná Lórí Ìyá Sìrájù

Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni tó kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Fìdítì nígbà tí Tíṣà Mobọ́lá ń kọ́ni pé kí ni Òyìnbó ń pè ní kíkó ẹyín iná lé ènìyàn lórí, yóò ti dá yín lóhùn kẹ́ ẹ tó panu dé. Àkànlò èdè Òyìnbó ni, inú Bíbélì ló sì ti wá. Tíṣà a máa kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó, á fa ìlà sí i nídìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kéèyàn máa fi oore san ibi fún ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, títí ojú yóò fi ti onítọ̀hún, tí ara yóò máa ta á bí ẹni tí wọ́n da iná lé lórí. Lẹ́yìn ìtumọ̀ ló kan ìlò: ó yá, ẹ lò ó nínú gbólóhùn. Ọmọ tí kò bá rí gbólóhùn ṣe, ẹ̀yìn kíláàsì ni yóò ti kúnlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí Tíṣà fẹ̀yìn tì kí òun fúnra rẹ̀ tó lò ó. Fàsílátù, ìyá Sìrájù, tó ń ta ọsàn létí títì, ni ó lò ó fún. Ohun tó ń wá lọ́wọ́ obìnrin náà kò pọ̀ lójú tirẹ̀. Ó kàn fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ kí ikú tó mú un lọ, pé òun lòun ba ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ jẹ́. Ó fi oúnjẹ wá a, ó fi omi gbígbóná wá a, ó fi àdúrà wá a. Ó sì rí i, ẹ gbà mí o! Ó rí ohun tó ń wá.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí. Ilé Mobọ́lá àti ilé Fàsílátù kẹ̀yìn síra. Ẹ̀yìnkùlé kan náà ni wọ́n jọ ń lò, kànga kan, okùn ìsáṣọ kan. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Mobọ́lá, ọkọ rẹ̀ Ezekiel sì jẹ́ díákónì, tíṣà bíi tirẹ̀. Mùsùlùmí ni Fàsílátù, opó, ó sì ju Mobọ́lá lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Nígbà tí Mobọ́lá wọlé ọkọ, òun ló mú un mọ ọjà, òun náà ló wẹ ọmọ fún un nígbà tó bímọ. Bó bá di Kérésìmesì, abọ́ ìrẹsì á gba ẹ̀yìnkùlé kọjá sí ọ̀hún. Bó bá di Iléyá, ẹran á bá a bọ̀. Fàsílátù sì ní àṣà kan tó ní ọwọ́ ìyá òun lòun ti bá a: kì í dá abọ́ ẹni padà lófìfo. Bí kò bá tilẹ̀ sí nǹkan kan nílé, á ju ọsàn kan sínú rẹ̀. A máa ní, "Abọ́ tó bá re ilé lófìfo, ọ̀rẹ́ ti gbẹ nìyẹn."

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún Mobọ́lá, Tèmídayọ̀. Nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, ó bá Fàsílátù lọ sí ìdí ọsàn lọ́jọ́ kan, lọ́sàn-án gangan, ló bá ṣubú lulẹ̀ gbì. Ojú rẹ̀ yí, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Wárápá ni. Fàsílátù kò pariwo. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó bo ọmọ náà, ó jókòó tì í. Àwọn èrò ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú mọ́tò wá ra ọsàn, ó ń tà fún wọn, ó ń sọ fún wọn pé ọmọ òun ló ń sùn. Ìgbà tó dákẹ́ tán ló tó pọ̀n ọ́n wálé.

Wọ́n tọ́jú ọmọ, ó lo oògùn títí, àìsàn náà sì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ayé. Ọ̀rọ̀ wárápá, bó bá ti jáde síta, ta ni yóò tún wá fẹ́ ọmọ ẹni? Ká yọ ọmọ náà fúnra rẹ̀ kúrò, ẹni mẹ́ta péré ló mọ̀ ọ́n: Mobọ́lá, Ezekiel àti Fàsílátù. Mobọ́lá kúnlẹ̀ lẹ́bàá kànga lọ́jọ́ náà, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó má sọ ọ́.

"Ìyá Tèmídayọ̀, dìde ńlẹ̀," ni Fàsílátù wí. "Inú mi jìn ju kànga yìí lọ."

Tèmídayọ̀ dàgbà, ó di nọ́ọ̀sì, ó sì rí Jesse, ọmọ Awẹ́. Amos, bàbá Jesse, bá Ezekiel kàwé pọ̀ nígbà èwe wọn. Inú Mobọ́lá dùn débi pé ó ti ń yan orúkọ fún ọmọ tí wọn kò tíì lóyún rẹ̀. Àmọ́, nílẹ̀ wa níbí, a kì í fọ́jú gbéyàwó. Ẹbí ọkọ á kọ́kọ́ rán ènìyàn wá sí àdúgbò, wọ́n á máa bi aládùúgbò léèrè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: ṣé olè ò sí nílé ọ̀hún? Ṣé wèrè ò sí? Ṣé kò sí àìsàn kan tó ń tẹ̀lé wọn? Àwọn ará Awẹ́ wá. Mobọ́lá yọjú lójú fèrèsé, ó rí i tí wọ́n wọ ilé Fàsílátù, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ọsàn wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn. Ọkàn Mobọ́lá balẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni Amos ránṣẹ́ láti Awẹ́ pé kí wọ́n má ṣe bínú, ẹbí àwọn kò lè gbé wárápá wọlé.

Yéè! Mobọ́lá kò ráyè wọ bàtà. Ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó di ẹnu ọ̀nà Fàsílátù.

"Ìyá Sìrájù! Ẹ jáde síta! Kí ni mo fi ṣe yín? Ọmọ tí ẹ pọ̀n, ọmọ tí ẹ fi ìborùn yín bò, òun náà lẹ tún wá tú síta fún àwọn àna rẹ̀!"

Fàsílátù jáde tòun ti ọ̀bẹ tó fi ń bó ọsàn. Ezekiel ti sáré tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fà á láṣọ, ó ń sọ pé, "Mobọ́lá, jẹ́ ká lọ sílé. Ó tó, jẹ́ ká lọ sílé." Fàsílátù la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó wo Mobọ́lá, ó wo ẹ̀yìn Mobọ́lá, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ rí i bí?" ni Mobọ́lá ń wí fún gbogbo àwọn tó ti pé jọ. "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ ì bá sọ̀rọ̀! Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà o!"

Òwe yìí di orin lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà. Ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí, òun tó jẹ́ tíṣà, tí kì í gbà kí ọmọ pa òwe láàbọ̀.

Ó ní kí wọ́n mọ ògiri sí àárín ẹ̀yìnkùlé. Kànga nìkan ni ògiri náà kò lè là, wọ́n bá mọ ọn dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Tèmídayọ̀ gba iṣẹ́ lọ sí Ìlọrin, kò sì fẹ́ ẹlòmíràn. Bó bá wálé, ọ̀rọ̀ Fàsílátù náà ni ìyá rẹ̀ yóò máa sọ láàárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, títí ọmọ á fi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ezekiel ní tirẹ̀ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ó ń rù ni. Nígbà tó yá, ó dùbúlẹ̀ àìsàn, ó sì kú. Mobọ́lá sunkún rẹ̀ sunkún rẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ dénúdénú. Ó ní ìbànújẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ló pa á, ó fi ikú yẹn náà kún ẹ̀sùn Fàsílátù. Fàsílátù gbé oúnjẹ wá kí i kú ọ̀fọ̀. Mobọ́lá kò tilẹ̀ ṣí i wò. Ó ní kí wọ́n gbé e fún ajá.

Ọdún gorí ọdún, àtọ̀gbẹ mú Fàsílátù. Ó jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan débi pé wọ́n gé e. Sìrájù, ọmọ rẹ̀, ọ̀kadà ló ń gùn lọ sí Akinmọ́rìn àti Ìlọrà, kò sí nílé lójúmọmọ, obìnrin náà a sì máa dá jókòó sí palọ̀ pẹ̀lú ike omi kan. Ìròyìn náà kan Mobọ́lá lára lọ́nà tí òun náà kò retí. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, pásítọ̀ wá ka ibi tí wọ́n ti ní bí ebi bá ń pa ọ̀tá ẹni, ká bọ́ ọ. Ẹyín iná! Tíṣà jókòó gan-an lórí àga. Ọ̀rọ̀ tó ti ń fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ìgbà pípẹ́, òun gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀. Ó se ẹ̀wà tí epo rẹ̀ kò pọ̀, ó se ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, nítorí ó ti wádìí ohun tí alátọ̀gbẹ ń jẹ. Ó bù ú sínú abọ́ funfun kan tó ní ìdérí. Ògiri ti dí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ojú títì ló ní láti gbà, níwájú gbogbo àwọn ọlọ́sàn. Bó bá sì jẹ́ òótọ́ la fẹ́ sọ, ìyẹn kò dùn ún.

"Tíṣà, ọ̀dọ̀ ta lẹ ń gbé oúnjẹ lọ?" ni Beatrice, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́sàn, bèèrè.

"Ọ̀dọ̀ ẹni tó ba ti ọmọ mi jẹ́ ni," ni Mobọ́lá dáhùn, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹyín iná ni mò ń kó lé e lórí."

"Há! Tíṣà, ọ̀run yín dájú! Èmi ò lè ṣe é láéláé!"

Báyìí ló ń ṣe é lójoojúmọ́. A gbálẹ̀ fún Fàsílátù, a gbé omi gbígbóná fún un, a wẹ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ o, ká má parọ́ mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ ni kò rọ̀. Bó ti ń nu egbò ni yóò máa wojú obìnrin náà bóyá iná ti ń jó o. Ọjọ́ kejì, tó bá wá gbé abọ́, á bá a ní fífọ̀, ọsàn kan á sì wà nínú rẹ̀. Kò jẹ ọ̀kankan nínú àwọn ọsàn yẹn rí. Orí ògiri ló ń tò wọ́n sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rà.

Lọ́jọ́ kan, Fàsílátù gbé ojú sókè sí i. "Ìyá Tèmídayọ̀, wọ́n ní o ní iná lò ń kó lé mi lórí."

Mobọ́lá kò sẹ́. Ó gbé ohùn tíṣà wọ̀, ó ṣàlàyé fún un, ìtumọ̀ àti ìlò. Fàsílátù gbọ́ ọ dópin, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Kí lo wá fi ń gbé e?"

"Báwo?"

"Iná náà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí iná ilé wa bá kú, ilé aládùúgbò ni wọ́n ń rán wa lọ ká lọ fọn ọn wá. Ìyá wa kò ní jẹ́ ká lọ láìmú àpáàdì dání. Àpáàdì ló tó ko iná lójú. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ lásán gbé e, kí ó tó dé ibi tó ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ á ti bó. Mò ń wo ọwọ́ ẹ láti ọjọ́ yìí, mi ò rí àpáàdì kankan níbẹ̀."

"Ẹ ṣáà jẹun, ẹ̀wà yẹn ń tutù," ni Mobọ́lá wí. Inú bí i títí ó fi délé.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Fàsílátù kò lè jẹ ju ṣíbí méjì mẹ́ta lọ mọ́. Ẹ̀rù wá ń ba Mobọ́lá pé yóò kú mọ́ òun lọ́wọ́ láìsọ ọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó wolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkéte.

"Ìyá Sìrájù, ó ti rẹ̀ mí. Mo ti bọ́ yín, mo ti wẹ egbò yín. Mi ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín rí. Ẹ ṣáà sọ ọ́. Ẹ ní ẹ̀yin ni, kí n gbọ́ ọ. Kí ni mo ṣe fún yín tí ẹ fi fẹ́ fi èyí pa mí?" Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, omi tòótọ́. "Bí mo bá dùbúlẹ̀, òun ni mò ń rò. Bí mo bá jí, òun ni. Ọmọ mi kì í wálé mọ́."

Fàsílátù wò ó pẹ́. Ó na ọwọ́, ó nu ojú fún un bó ti máa ń ṣe nígbà tí Mobọ́lá ṣì jẹ́ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

"Bí mo bá sọ ọ́, ṣé ọkàn ẹ á balẹ̀?"

"Á balẹ̀."

"O ò sì ní bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́? Ó parí nìyẹn?"

"Ó parí nìyẹn, mà. Mo fi Ọlọ́run búra."

Obìnrin náà kọjú sí ògiri. "Èmi ni," ó wí. "Èmi ni, Mobọ́lá. Forí jì mí."

Àfi bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún ni Tíṣà rí. Ó kígbe Halelúyà nínú yàrá yẹn. Ó ní òun forí jì í. Ṣé ẹ rò pé ó gbé ọ̀rọ̀ náà délé? Ìdí ọsàn ló kọ́kọ́ dé. "Ó jẹ́wọ́! Beatrice, ó ti jẹ́wọ́!" Kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Fìdítì. Ó sì tẹ Tèmídayọ̀ láago ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n ọmọ náà wà lẹ́nu iṣẹ́, kò gbé e.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Fàsílátù kú.

Tèmídayọ̀ gbọ́ nípa ikú náà lẹ́nu Sìrájù, ó sì wọ mọ́tò lójú ẹsẹ̀. Ó bá wọn lẹ́nu ìrun òkú. Gbogbo àdúgbò ló pé síwájú ilé, àwọn Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Nígbà tí wọ́n kírun tán, Lèmọ́mù dìde bí wọ́n ti máa ń ṣe kí wọ́n tó gbé òkú wọ sàréè. Ó ní ẹni tí ìyá yìí bá ṣẹ̀, kó jọ̀ọ́ nítorí Ọlọ́run, kó dárí jì í, kí ó lè lọ láìsí ẹrù lọ́rùn.

Gbogbo ojú yí sí Mobọ́lá. Ó ti mọ̀ pé wọn yóò yí sí i. Ó dìde, ó tún gèlè ṣe.

"Èmi ni ó ṣẹ̀ jù," ó wí, ohùn rẹ̀ já gaara. "Ó ba ọjọ́ ayé ọmọ mi jẹ́. Ṣùgbọ́n mo dárí jì í. Níwájú Ọlọ́run àti gbogbo yín, mo dárí jì í."

"Ẹ ṣé o, Tíṣà! Ọlọ́run á gbà á lẹ́bọ!" ni wọ́n ń wí káàkiri. Àwọn kan tilẹ̀ nu ojú. Ìgbà tí Mobọ́lá wo ẹ̀gbẹ́ kan ló rí ọmọ rẹ̀ tó gbọ́wọ́ lérí, tó yí padà, tó ń lọ sílé.

Mobọ́lá tẹ̀ lé e, ó bá a ní palọ̀.

"Mọ́mì, kí lẹ dárí jì fún wọn?"

"Kí ni mo dárí jì? Mo pè ẹ́ láago lánàá. Ìyá Sìrájù jẹ́wọ́! Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé òun ni."

"Wọ́n ní àwọn ni?" Tèmídayọ̀ jókòó wọ̀ọ̀, ẹkún sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ra wọn. Kì í ṣe àwọn. Dádì ni."

Mobọ́lá rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Dádì wo?"

"Dádì mi. Wọ́n sọ ọ́ fún mi lórí àìsàn wọn. Ìyá Sìrájù sọ fún àwọn ará Awẹ́ pé ọmọ gidi ni mí, pé àwọn ò mọ àléébù kankan mọ́ mi. Dádì ni ara wọn ò gbà á. Wọ́n ní àwọn àti bàbá Jesse jọ jẹun nínú abọ́ kan nílé ìwé, àwọn ò lè wò ó lójú kí àwọn pa á mọ́ ọn. Wọ́n ní bí mo bá wá ṣubú nílé ọkọ ńkọ́, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó ń ṣe mí, tí mo bá kú síbẹ̀? Wọ́n lọ sí Awẹ́ fúnra wọn, wọ́n sọ ọ́. Wọ́n rò pé bàbá Jesse máa gbà mí bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi? Láti ìgbà yìí wá, kí ló dé?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo kọ́kọ́ lọ bá Ìyá Sìrájù. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ dán an wò. Wọ́n ní, 'Ìyá ẹ ti pàdánù àna, ìwọ náà ò sí nílé, ọkọ rere tó sin ló ṣẹ́ kù fún un. Má bá mi hú u jáde fún un. Èmi lè rù ú. Ọlọ́run mọ̀ pé n ò ṣe é.' Wọ́n mú mi búra, Mọ́mì."

Mobọ́lá tún rí ẹnu ọ̀nà Fàsílátù lọ́jọ́ ìjà, ọ̀bẹ ọsàn, ẹnu tó là tó sì pa dé. Lójú tirẹ̀ látijọ́, ìtìjú ló mú kí obìnrin náà wo ẹ̀yìn òun. Ezekiel ló ń wò. Ezekiel ló wà lẹ́yìn òun, tó ń fa òun láṣọ.

"Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà," ló jáde lẹ́nu rẹ̀, bó ti máa ń jáde. Apá kejì òwe náà dúró sí i lọ́fun. Tèmídayọ̀ kò bá a parí rẹ̀, nítorí ta ni kò mọ ibi tí aṣeni ń gbé?

Àánú Ezekiel ṣe é, ó sì tún bínú sí i débi pé ó fẹ́ já àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ọ̀rọ̀ Fàsílátù ló wá borí gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà ti lọ wọ sàréè pẹ̀lú ẹ̀sùn náà lọ́rùn, ẹ̀sùn tí òun fi ohùn gaara kà sí i lọ́rùn níwájú gbogbo ìlú, tí wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òun.

Ó jáde láìwọ bàtà. Wọ́n ti sin òkú tán nígbà tó dé, Lèmọ́mù àti àwọn èrò ṣì jókòó níwájú ilé. Mobọ́lá lọ tààrà, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Sìrájù, ọmọ tó kọ́ ní ábídí.

"Tíṣà! Ẹ dìde, èèwọ̀!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo wá kó o jẹ. Kò sí ohun tí mo lè dárí jì fún ìyá yìí. Kò sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Ṣèbí ẹ ní ó jẹ́wọ́?" ni Beatrice wí.

"Ohun tí kò ṣe ló jẹ́wọ́, kí n lè fi í lọ́rùn sílẹ̀."

"Ta ló wá sọ ọ́ nígbà náà?"

Tèmídayọ̀ ti dé, ó dúró lẹ́yìn àwọn èrò, ó ń mi orí sí ìyá rẹ̀. Mobọ́lá gbé orúkọ ọkọ rẹ̀ dé orí ahọ́n. Ọkọ rere tó sin. Ohun tí obìnrin kan ti rù láti ọjọ́ pípẹ́ kí ó má baà jáde, bí òun bá sọ ọ́ nísinsìnyí, ó ti rù ú lásán nìyẹn.

"Èmi ni," ó wí. "Ẹnu èmi fúnra mi ló ti jáde."

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí. "Áà! Ó wá fi í sí ọlọ́mọ ọlọ́mọ lọ́rùn? Ó tún ń gbé oúnjẹ kiri ojú títì!" Beatrice, tó ní ọ̀run rẹ̀ dájú, pòṣé, ó sì kó ìró rẹ̀ jọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lèmọ́mù nìkan ló ní Ọlọ́run ni aláforíjì. Mobọ́lá kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, orí rẹ̀ ń gbóná.

Sìrájù dìde, ó wọlé. Ó gbé abọ́ funfun náà jáde.

"Ìbá ṣe tèmi ni, ǹ bá ti fọ́ ọ mọ́ ògiri," ó wí, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ìyá mi ló ní kí n fi lé yín lọ́wọ́. Láàárọ̀ yìí ni, kí ó tó kú. Ó ní kí n má jẹ́ kó lọ lófìfo."

Ojú títì náà ni Mobọ́lá gbà padà, níwájú àwọn ọlọ́sàn. Kò sẹ́ni tó kí i. Ó dé ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sẹ́bàá kànga, ní ibi tí ògiri ti já, ó ṣí abọ́. Ọsàn kan wà nínú rẹ̀. Ó fi èékánná bó o, ó sì jẹ ẹ́ tòun ti ẹkún. Ọsàn náà dùn. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó fa omi, ó fọ abọ́ náà mọ́, ó nù ún gbẹ, ó sì gbé e dání síbẹ̀, nítorí kò mọ ibi tí yóò gbé e lọ mọ́.